Ọ̀rá ni mo fi ń pọ́n ọ̀lẹ̀lẹ̀: ṣé kí n padà sí ewé ni?

Ìyá Ọlọ́lẹ̀lẹ̀ Tákié
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà, ọ̀lẹ̀lẹ̀ ni mo ń tà, ó ti lé ní ọdún mọ́kànlá. Ewé eéran ni ìyá mi fi kọ́ mi níṣẹ́, òun náà ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ewé wá wọ́n, tó di pé owó ewé nìkan fẹ́ẹ̀ tó owó ẹ̀wà, mo bá yà sí ọ̀rá bíi ti àwọn tó kù. Ọ̀rá kì í jò, kì í ya, ọmọ kékeré lè bá mi so ó.

Láàárọ̀ yìí, oníbàárà mi kan dúró tì mí bí mo ṣe ṣí ìkòkò. Ooru yọ, àwọn ọ̀rá náà ti wú kúdu-kúdu sínú omi. Ó wò wọ́n títí, ó ní, "Ìyá, wákàtí kan ni ọ̀rá yìí fi hó nínú iná. Ohun tó wà lára rẹ̀, ibo ló gbà lọ?" Mi ò rí èsì fún un. Ó ra méjì, ó lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò bá a lọ. Omi tó máa ń ṣẹ́kù nísàlẹ̀ ìkòkò, ó ní òórùn kan tí kì í ṣe òórùn ẹ̀wà, kì í ṣe ti ata. Ó pẹ́ tí mo ti mọ òórùn náà. Mo kàn máa ń da omi nù ni.

Àwọn ọmọ ilé ìwé ló ń jẹ oúnjẹ mi jù. Mi ò fẹ́ máa ta àìsàn fún ọmọ ọlọ́mọ. Ẹni tó bá mọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí
Ẹ kú ọjà, mà. Ó dáa tí ẹ bèèrè.

Gbogbo ike ni wọ́n da kẹ́míkà mọ́ nígbà tí wọ́n ń ṣe é, kì í sì í ṣe gbogbo kẹ́míkà náà ló so mọ́ ike dáadáa. Ohun mẹ́rin ló máa ń fà wọ́n jáde bọ́ sínú oúnjẹ: ooru, epo, ohun tó kan bíi tòmátì tàbí ọsàn, àti kí oúnjẹ pẹ́ nínú ike. Ẹ wá wo ọ̀lẹ̀lẹ̀. Iná wà níbẹ̀, epo wà níbẹ̀, ata àti tòmátì wà níbẹ̀. Mẹ́ta nínú mẹ́rin ti pé lẹ́ẹ̀kan náà.

Tí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì pé oúnjẹ àti ike lè wọnú ara wọn, kó lọ wo abọ́ rọ́bà funfun tó ti fi gbé ọbẹ̀ epo pupa rí. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi kànìnkànìn ha á, àwọ̀ ọsàn yẹn kò ní kúrò. Epo ti wọ inú rọ́bà lọ. Ọ̀nà tí epo gbà wọlé náà ni nǹkan mìíràn ń gbà jáde.

Ní kílíníìkì wa, ohun tí mò ń bá àwọn ìyá ọlọ́mọ sọ nìyí. Ẹ má da ògì gbígbóná sínú ìgò rọ́bà ọmọ. Inú kọ́ọ̀bù irin ni kí ẹ ti fẹ́ ẹ kó lọ́wọ́ọ́wọ́. Tí inú ìgò ọmọ bá ti ha, tó ti ń ṣe bí èéfín ló wà nínú rẹ̀, ẹ jù ú nù, nítorí ibi tó ha yẹn ni nǹkan ti ń yọ jù. Ọmọ tó ti lè jókòó, kọ́ọ̀bù àti ṣíbí dáa fún un ju ìgò lọ. Aboyún àti ọmọ ọwọ́ ni mo ń bẹ̀rù fún jù, torí díẹ̀ nínú àwọn kẹ́míkà yìí máa ń ṣe bíi họ́mọ̀nù, èròjà tí ara fi ń darí ìdàgbàsókè, nínú ara, ìgbà tí ẹ̀yà ara ọmọ ń tò lọ́wọ́ sì ni họ́mọ̀nù ń ṣiṣẹ́ jù.

Akẹ́mísìrì
Ẹ ṣeun, Nọ́ọ̀sì. Kẹ́mísìrì ni mò ń kọ́ ní yunifásítì níbí. Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un, kí a lè mọ ibi tó yẹ kí ẹ̀rù ti bà wá àti ibi tí kò yẹ.

Ọ̀rá ọ̀lẹ̀lẹ̀, ọ̀rá àmàlà, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ìdílé kan náà ni gbogbo wọn ti wá, polyethylene ni wọ́n ń pè é. Kẹ́míkà tí ariwo rẹ̀ pọ̀ jù, ìyẹn BPA, kò sí lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe é. Ibi tí BPA ń gbé ni ike líle tó mọ́ bíi díńgí, irú ìgò ràbàtà tí wọ́n ń dojú rẹ̀ dé orí ẹ̀rọ omi ní ọ́fíìsì. Ó tún wà nínú ọ̀dà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń kun inú agolo. Ìyá, ẹni tó bá sọ fún yín pé BPA ló kún inú ọ̀rá yín ṣi ọ̀rọ̀ sọ.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní kí ọ̀rá mọ́. Ohun méjì ló ń kọ mí lóminú. Àkọ́kọ́ ni ooru. Irú ọ̀rá rírọ̀ yìí, bí ooru bá fi díẹ̀ lé ní 100°C báyìí, ó ti ń yọ́ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ 100 gan-an ni omi fi ń hó. Àlàfo àárín méjèèjì kò tó nǹkan. Tí omi bá wá gbẹ nísàlẹ̀ ìkòkò, tí ọ̀rá fara kan irin gbígbóná, ẹ máa bá a tó lẹ̀ pẹ́kípẹ́kí mọ́ ìdí ìkòkò. Oúnjẹ inú èyí tó lẹ̀ yẹn, ẹ má tà á.

Ìkejì ni pé a kò mọ ibi tí ọ̀rá ti wá. Ọ̀rá tuntun tí wọ́n ṣe fún oúnjẹ wà, ọ̀rá tí wọ́n fi àlòkù yọ́ náà wà. Èyí tó dúdú, àlòkù ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Dúdú ni wọ́n ń pa á láró kí àwọ̀ àwọn tí wọ́n yọ́ pọ̀ má baà hàn. Kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tí àwọn àlòkù yẹn gbé rí kí wọ́n tó yọ́ wọn. Oúnjẹ kò gbọdọ̀ fara kan ọ̀rá dúdú rárá, ìbáà tutù.

Ìyá Ìbejì Arówómọ́lẹ̀
Ọmọ mi, ìgò omi ńkọ́? Inú rẹ̀ la ń rọ zobo àti kúnú sí.

Akẹ́mísìrì
Mà, ẹ yí ìdí ìgò náà sókè, ẹ máa rí onígun mẹ́ta kékeré kan tí nọ́ńbà wà nínú rẹ̀. 1 ni ti ìgò omi àti ti mínírà. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ní kí ẹ lò ó, omi tútù ni wọ́n sì ṣe é fún. Ẹ ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí ènìyàn bá da omi gbígbóná sínú rẹ̀: ojú ẹsẹ̀ ló máa súnkì, ọrùn rẹ̀ á wọ́, ìdí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ kókó. Tí ike bá ti ń sá sẹ́yìn fún ooru bẹ́ẹ̀, kẹ́míkà inú rẹ̀ náà ti ń kúrò nípò. Antimony wà nínú ìgò yìí, irin olóró kan tí wọ́n fi ń ṣe é. Bí ooru bá ṣe ń pọ̀ sí i ni èyí tó ń yọ sínú omi ń pọ̀ sí i. Ìyẹn ni mo ṣe ń bẹ ẹni tó bá fi omi sílẹ̀ sínú mọ́tò lọ́sàn-án pé kó má mu ún mọ́.

Zobo tó ti tutù, tí ẹ máa tà tán lónìí, kò le tó èyí. Zobo tó ṣì ń yọ ooru lẹ kò gbọdọ̀ rọ sínú ìgò yẹn, ó gbóná, ó tún kan.

2 ni ti kẹ́ẹ̀gì. 5 ni ó lè gba ooru díẹ̀, òun ni ọ̀pọ̀ abọ́ olómorí tí a fi ń gbé oúnjẹ lọ síbi iṣẹ́. 6 ni ti abọ́ funfun fúyẹ́fúyẹ́ tí wọ́n ń bù ráìsì sí níbi àríyá. Styrene ni wọ́n fi ń ṣe é. Ní 2018 ni IARC, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí ohun tó ń fa jẹjẹrẹ, fi styrene sí ara àwọn ohun tó ṣeé ṣe kó máa fa jẹjẹrẹ. Àsáró tó ń hó, tí epo dá lé lórí, ẹ má jẹ́ kó débẹ̀. 3 àti 7, tí ẹ bá rí wọn, ẹ yà fún wọn. Èyí tí kò ní nọ́ńbà kankan, ẹ yà fún un jùyẹn lọ.

Ìyá Aláàmàlà
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi, ẹ̀mí mi kò balẹ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò ra nǹkan lọ́jà rí. Àmàlà kan, ọ̀rá kan. Tí n bá ní kí oníbàárà gbé abọ́ wá láti ilé, ọ̀dọ̀ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló máa lọ. Tí n bá fi owó ewé lé owó àmàlà, wọ́n á ní mo ti gbówó lórí. Ọmọ mẹ́rin ni mò ń tọ́ nídìí àmàlà yìí. Kí ló dé tó jẹ́ àwa tí a wà nídìí iná lẹ ń bá wí, tí ẹnikẹ́ni kò bá àwọn tó ń ṣe ọ̀rá wí?

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí
Ọ̀rọ̀ yín tọ̀nà, Ìyá Aláàmàlà, a kò sì bá yín wí. Ẹni tó ra ọ̀rá lọ́jà kò lè fi ojú rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ṣe é ló mọ̀. Ohun tí ẹ lè ṣe láìná kọ́bọ̀ ni pé kí ẹ jẹ́ kí àmàlà fẹ́ díẹ̀ lórí àwo kí ẹ tó dì í, kí ọbẹ̀ olóoru má sì wọ ọ̀rá. Abọ́ ni kí ọbẹ̀ lọ.

Bàbá Afingbá Ọ̀yọ́
Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọ̀yọ́ ni mo wà, igbá ni mò ń fín láti kékeré. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kò sí ohun tí àwọn ìyá wa ń tà ní Akẹ̀sán tí kò ní ewé tirẹ̀ tàbí igbá tirẹ̀. Inú igbá ni wàrà ń wà, inú ewé ni ẹ̀kọ, inú àmù ni omi. Omi àmù tutù ju ti inú ìgò lọ, kò sì ní òórùn kankan bí kò ṣe ti amọ̀.

Ìyá Ọlọ́lẹ̀lẹ̀, mo mọ ohun tó mú ewé wọ́n. Ewé eéran kì í hù ní ilẹ̀ ọ̀dàn bíi tiwa. Abẹ́ igi ńlá ló ń fẹ́, nínú igbó tó ní òjìji, lọ́nà Ifẹ̀ àti Oǹdó. Bí wọ́n ṣe ń gé igbó lulẹ̀ ni ewé ń jìnnà sí wa. Ewé yìí kan náà ni èso rẹ̀ máa ń pupa nílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí àwa ọmọdé ń lá, tí omi tí a bá mu lẹ́yìn rẹ̀ á máa dùn bí oyin. Àwọn òyìnbó ti wá ń yọ adùn yẹn tà báyìí.

Ìyàwó mi ṣì ń fi ewé pọ́n ọ̀lẹ̀lẹ̀, bó ṣe ń ṣe é kí owó má baà ṣòfò nìyí. Tó bá ra ìdì, kì í tú u. Àpò ìdọ̀họ ló fi ń bò ó, á wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti lálẹ́, ewé náà á wà ní tútù fún ọjọ́ bíi mẹ́rin. Tó bá fẹ́ lò ó, á gé ìgi ìdí ewé kúrò, ṣùgbọ́n kò ní jù ú nù. Á to àwọn igi náà sí ìsàlẹ̀ ìkòkò ní àgbélébùú, orí rẹ̀ ni yóò to ọ̀lẹ̀lẹ̀ lé, kí omi má baà wọnú rẹ̀. Á yá ewé lórí ooru wẹ́rẹ́, ewé á rọ̀, kò ní ya mọ́. Èyí tó bá ní ihò, ó ń fi í ṣe ìbòrí ìkòkò. Kò sí èyí tó ṣòfò nínú ìdì kan.

Tí eéran bá wọ́n jù, ewé tíìkì wà ní ọ̀nà oko. Ó máa ń gbé àwọ̀ pupa jáde bí wọ́n bá fọwọ́ ra á, ìyẹn ni kò ṣe dáa fún ọ̀lẹ̀lẹ̀ funfun, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ tútù dì í dáadáa.

Mamá Kọ́ọ̀bù
Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ ewé, èmi ti rí ọ̀nà míì. Agolo wàrà tí a ti lá tán ni mo ń kó jọ, mo ń fọ̀ wọ́n, inú wọn ni mo ń bu ọ̀lẹ̀lẹ̀ sí. Kò sí ọ̀rá, kò sí ewé. Ṣé kò dáa bẹ́ẹ̀?

Akẹ́mísìrì
Mà, ó wù mí kí n sọ pé ó dáa. Ẹ mú agolo kan, ẹ fi èékánná ha inú rẹ̀ níbi ìdí. Tí ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bá ń bó bí awọ alùbọ́sà, ọ̀dà tí mo ń wí nìyẹn. Wọ́n kùn ún kí agolo má baà dípẹtà, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n sì ṣe é fún. Ìtàn rẹ̀ bà mí nínú jẹ́. Láti 1936 ni Edward Dodds, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ti rí i pé BPA ń ṣiṣẹ́ bí họ́mọ̀nù obìnrin, kí ẹnikẹ́ni tó fi ṣe ike rárá. Ní àwọn ọdún 1950 ni wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe ike líle àti ọ̀dà agolo. Wọ́n ti mọ̀ kí wọ́n tó gbé e súnmọ́ oúnjẹ.

Abọ́ irin alágbára tí kì í dípẹtà ni kí ẹ rà, àwọn kékeré tó dọ́gba. Ó wọ́n lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ẹ kò ní rà á mọ́.

Ọmọ Ṣọ̀ún ní Jámánì
Ẹ kú ilé o. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, Jámánì ni mò ń gbé, ilé iṣẹ́ tó ń dí oúnjẹ sínú agolo ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìyá Aláàmàlà bèèrè ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi bá àwọn tó ń ṣe é wí. Níbí, òfin ń bá wọn wí, ó sì ń ká wọn lára. Ó pẹ́ kí ó tó rí bẹ́ẹ̀ o.

Ìgò ọmọ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní 2011, gbogbo orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de BPA nínú ìgò ọmọ; Amẹ́ríkà tẹ̀lé e ní 2012. Faransé kò dúró de ẹnikẹ́ni: láti oṣù kìíní 2015 ni wọ́n ti lé e kúrò nínú gbogbo ohun tí wọ́n fi ń dí oúnjẹ. Lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹrin 2023, EFSA, àjọ tó ń ṣọ́ oúnjẹ fún Yúróòpù, tún ìwádìí gbé yẹ̀ wò, wọ́n sì dín ìwọ̀n tí ènìyàn lè jẹ lójúmọ́ kù sí ìdá kan nínú 20,000 ti tẹ́lẹ̀. Ẹ tún un kà. Ohun tí wọ́n ti ní kò léwu fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n wá gé kù báyẹn. Ní ìparí 2024, wọ́n ṣe òfin tó lé BPA kúrò pátá nínú ohun tó ń fara kan oúnjẹ, òfin náà bẹ̀rẹ̀ ní 20 oṣù kìíní 2025, wọ́n fún ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ní oṣù 18 láti fi yí padà. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi bí àwọn tó ń ta ọ̀dà agolo ṣe ń sáré kiri láti wá òmíràn. Àwọn tó ti ń sọ pé kò sí ọ̀dà mìíràn láyé rí òmíràn kíákíá nígbà tí ọjọ́ pé.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ "kò ní BPA" tó wà lára ike fi yín lọ́kàn balẹ̀. Àwọn kan kàn mú àbúrò rẹ̀, BPS, wọ́n fi í sípò rẹ̀, ohun tó ń ṣe nínú ara kò sì jìnnà sí ti ẹ̀gbọ́n. Ìdí nìyẹn tí òfin tuntun náà fi nawọ́ sí àwọn bisphenol mìíràn tó léwu, ìyẹn ìdílé tí BPA àti BPS ti wá.

Bébà náà kò mọ́ tó bí ẹ ṣe rò. Bébà tí epo kì í là, tí wọ́n fi ń dì ẹran díndín, PFAS ni wọ́n ń fi pa á lára, kẹ́míkà tí kì í jẹrà bọ̀rọ̀. Denmark lé e kúrò nínú bébà oúnjẹ ní oṣù keje 2020. Ní oṣù kejì 2024, Amẹ́ríkà kéde pé wọn kò tà á mọ́ fún bébà oúnjẹ níbẹ̀. Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni pé ohun tí wọ́n bá kọ̀ níbí lè wá ọjà sí ibi tí kò sí òfin.

Onípíọ̀wọ́tà Ọ̀yọ́
Ohun tó gbẹ̀yìn yẹn ni èmi náà ń bẹ̀rù. Mo ń ṣe píọ̀ wọ́tà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí oníbàárà kò rí.

Ọ̀rá wa máa ń dé ní yíyí bí ẹní, wọ́n ti tẹ orúkọ àti nọ́ńbà NAFDAC sí ara rẹ̀. Ẹ̀yìn ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, kì í ṣe inú. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá yí i, ẹ̀yìn ti ìsàlẹ̀ lẹ̀ mọ́ inú ti òkè. Tí yíǹkì kò bá gbẹ dáadáa kí wọ́n tó yí i, yíǹkì á gbà sí inú, ibi tí omi máa jókòó sí. Mo ti gba irú rẹ̀ rí. Mo tú u, mo fi aṣọ funfun nu inú rẹ̀, aṣọ náà gbé àwọ̀ búlúù. Ẹni tó tà á fún mi ní ẹnikẹ́ni kò ní rí i. Mo dá a padà, ó jẹ́ kí n pàdánù ìdajì owó mi. Láti ìgbà yẹn, mi ò ra ọ̀rá láìgba ìwé tó sọ pé ti oúnjẹ ni, tó sì sọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní ìwé kankan, wọ́n á kàn máa wò mí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tún un tà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má to àpò omi sí ojú oòrùn. Mo ń rí i ní Owódé lójoojúmọ́, oòrùn ọ̀sán gan-an ló ń pa á, títí omi á fi máa rùn bí ọ̀rá. Aṣọ kan péré lẹ máa ta bò ó.

Ní ti òfin, omi tí wọ́n ń dì tà àti kẹ́míkà wà lára ohun tí òfin tó dá NAFDAC sílẹ̀ ní 1993 fi sí ìkáwọ́ wọn, bíi ti oúnjẹ àti oògùn. Nítorí náà agbára wà nílẹ̀. Ohun tó yẹ ká béèrè ni pé kí wọ́n máa yẹ ọ̀rá wò ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é, kí wọ́n tó kó o wá bá wa.

Akẹ́mísìrì
Mo gbà. Ẹ jẹ́ kí n ya ohun kan sọ́tọ̀. Nígbà tí ìjọba Èkó fòfin de abọ́ funfun fúyẹ́fúyẹ́ ní oṣù kìíní 2024, gọ́tà tó dí ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Ìyẹn dáa, ṣùgbọ́n gọ́tà lè mọ́ kí oúnjẹ má mọ́. Ìròyìn kan wà tí wọ́n ń pè ní PlastChem, tó jáde ní 2024, ó ka kẹ́míkà tó lé ní 16,000 tó jẹ mọ́ ike, ó sì rí i pé èyí tó lé ní 4,200 nínú wọn yẹ ní àbójútó nítorí ewu wọn. Àwọn ilẹ̀ ayé ti ń jókòó láti 2022 láti ṣe àdéhùn kan lórí ike. Ìpàdé Geneva ní oṣù kẹjọ 2025 parí láìsí àdéhùn. Ara ohun tí wọn kò fẹnu kò lé lórí ni bóyá kí àdéhùn náà kan kẹ́míkà inú ike rárá, tàbí kó mọ sí pàǹtírí.

Àgbẹ̀ Kaṣú
Mo ń kà á láti òkè, mo ń dúró kí ẹnikẹ́ni sọ èyí. Gbogbo ohun tí ẹ sọ, ó ń pẹ́ kó tó ṣe ènìyàn. Èyí tó ń ṣe ènìyàn kíákíá ń bẹ lọ́jà wa: gálọ́ọ̀nù oògùn apakoríko. A ó fi wọ́n koríko oko kaṣú tán, ẹnì kan á ra òfìfo gálọ́ọ̀nù náà, á fi ọṣẹ àti iyanrìn fọ̀ ọ́, á rọ epo pupa tàbí oyin sínú rẹ̀. Ṣé Nọ́ọ̀sì ti sọ pé epo ń wọ inú rọ́bà? Oògùn náà ti wọ inú rọ́bà ṣáájú epo. Kò sí fífọ̀ tó lè mú un jáde tán.

Èmi máa ń fi àdá bẹ́ gálọ́ọ̀nù mi ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí n tó jù ú nù, kí ẹnikẹ́ni má lè lò ó mọ́. Tí ẹ bá fẹ́ ra epo, ẹ ṣí ìdérí, ẹ gbóòórùn ẹnu kẹ́ẹ̀gì. Ẹ wo ara rẹ̀ bóyá àmì bébà kan ti wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ya kúrò. Tí ó bá ń ṣe yín bí ẹni pé oògùn ló ń rùn, ẹ fi sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì Arówómọ́lẹ̀
Yéè! Kẹ́ẹ̀gì epo mi ní ilé ní irú àmì bébà yẹn. Mo ń lọ wò ó báyìí.

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí
Ẹ ṣeun gan-an, Àgbẹ̀. Mo máa mú ọ̀rọ̀ yìí lọ sí kílíníìkì ní ọjọ́rú. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tẹ̀lé e: ẹ má fi ọ̀rá tàbí ike dáná. Mo mọ̀ pé èédú kì í tètè gbiná láàárọ̀. Èéfín ọ̀rá yẹn, ẹni tó ń fẹ́ iná ló kọ́kọ́ ń fà á símú, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ló tẹ̀lé e. Èèpo àgbàdo gbígbẹ á ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ìyá Aláàmàlà
Mo ti kà gbogbo rẹ̀, mo tún un kà. Mo lọ síbi tí mo ti ń ra ọ̀rá lónìí, mo bèèrè ibi tó ti wá. Ọmọ tó ń tà á ní òun kò mọ̀, ọ̀gá òun kò mọ̀. Mo ra èyí tó funfun, mo fi dúdú sílẹ̀. Ẹni tó bá jókòó jẹun, àwo tánganran ni mò ń bù ú sí láti ọ̀la.

Ìyá Ọlọ́lẹ̀lẹ̀ Tákié
Olúwa á san yín lẹ́san rere, gbogbo yín.

Ohun tí mo ti ṣe nìyí. Mo ka owó ewé lẹ́ẹ̀kan sí i. Tí mo bá ń tọ́jú ìdì bí Bàbá ṣe wí, tí mo sì ń to igi rẹ̀ sí ìdí ìkòkò dípò abọ́ tí mo ti ń rà, kò pọ̀ tó bí mo ṣe rò, ṣùgbọ́n ó ṣì ju ọ̀rá lọ. Nítorí náà, ti àárọ̀, tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń rà, ewé ni. Ti ìrọ̀lẹ́, tí àwọn tó wà ní àdúgbò ń jẹ, abọ́ irin ni. Mo ti ra méjìlá, ẹgbọ́n mi obìnrin yá mi ní owó rẹ̀. Mo dín ìwọ̀n rẹ̀ kù díẹ̀ kí iye owó rẹ̀ má baà yí, mo sì sọ fún wọn pé mo dín in kù àti ìdí tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Oníbàárà mi ọjọ́ sí, mo dúró dè é láàárọ̀ yìí. Ó tú ewé, ó gbóòórùn rẹ̀ kó tó fi ṣẹnu. Ó ra mẹ́ta.

Bàbá Afingbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ọjọ́ wo ni ọkọ̀ ewé máa ń dé láti ọ̀nà Ifẹ̀? Ẹni tí mo ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Tákié, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló ń ní i, ó sì máa ń gbẹ díẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi.

Bàbá Afingbá Ọ̀yọ́
Màá bi ìyàwó mi léèrè lálẹ́ yìí, màá padà wá sọ.

Ìyá Aláàmàlà
Ẹ má lọ rà á láìsọ fún mi o. Ìdì kan péré ni mo fẹ́, màá dán an wò pẹ̀lú àmàlà. Ká jọ san owó ọkọ̀.